Asẹ́ Afẹ́fẹ́ tí Mo Fọ̀ ní Oǹdó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ ní ilé-ìwé, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ohun tí mo bá kọ sí orí ẹ̀rọ yìí, ẹ fara balẹ̀ kí n fi ẹnu ara mi ròyìn ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, kí ẹlòmíràn tó bá mi fi iyọ̀ sí i. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo ti pa á rẹ́.

Ẹ mọ̀ mí. Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹ mọ̀ pé olùkọ́ àgbà ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, pé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọbìnrin: bí a ti ń fọ aṣọ funfun, bí a ti ń lọ̀ ọ́, bí a ti ń ká a. Ẹni tó bá jókòó ní kíláàsì mi rí kò jẹ́ gbàgbé àyẹ̀wò èékánná ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Màmá Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè mí. Nínú ìjọ wa ní Àkúrẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀dà, èmi ni mo ń fọ aṣọ pẹpẹ, n kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ta ni yóò fọ̀ ọ́ tí yóò mọ́ bíi tèmi?

Ẹ wo ìgbéraga! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjọ wa kọ́ yàrá kan fún àwọn ìyá ọlọ́mọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìsìn, kí ẹkún ìkókó má baà máa bo ìwàásù mọ́lẹ̀. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ojú kan rẹ̀ kí àwọn ìyá lè máa wo àlùfáà. Ṣùgbọ́n eruku ọ̀nà yẹn! Kátakátá ń kọjá, ọkọ̀ agbégi ń kọjá. Bí ẹ bá ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ ó lè fi ìka kọ orúkọ yín sí ara àga. Bí ẹ bá sì tì í, ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ọmọ.

Wọ́n wá lu ihò sí ara ògiri, wọ́n fi fáànù kan sí i tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ìta, wọ́n sì fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì dí ojú rẹ̀ ní ìpele méjì kí eruku má baà bá a wọlé. Èmi gan-an ni mo dábàá pé kí fóòmù náà nípọn dáadáa. Fáànù náà ń kérora bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Iná sólà sì ni ìjọ ń lò. Kí ìwàásù tó parí, fáànù yìí nìkan á ti mu bátìrì gbẹ. Nígbà náà ni wọn á tan jẹnẹrétọ̀, èéfín jẹnẹrétọ̀ á sì gba ihò kan náà wọlé tọ àwọn ọmọ lọ! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Bàbá Ìjọ, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́, ló wá mú ẹnjiníà kan wá. Bùkọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìgbàrà-Òkè ni, ó sì ń kọ́ni ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ níbí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni mo ń retí. Ọmọbìnrin kúkúrú kan tó wọ ṣòkòtò ni mo rí. Mo wo ṣòkòtò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì sí àbùkù kankan lára ìkúnlẹ̀ rẹ̀, kí n sọ òtítọ́.

Ó yọ fóòmù náà sọ nù. Ó ní kì í ṣe asẹ́ tó ki jù lọ ló dára jù lọ. Pé bí asẹ́ bá ti ki tó ni fáànù yóò ṣe làálàá tó, bí fáànù bá sì ti ń ṣe làálàá tó ni yóò jẹ iná tó. Ó wá mú tirẹ̀ jáde: asẹ́ afẹ́fẹ́ funfun kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n ṣẹ́ po ní pílíìtì-pílíìtì bí síkẹ́ẹ̀tì yunifọ́ọ̀mù. Fíltà ni àwọn ẹnjiníà ń pè é. Pílíìtì yẹn wú mi lórí, kí n má purọ́. Ó ní nítorí pé wọ́n ṣẹ́ ẹ po, aṣọ rẹ̀ gùn ju bí a ti rò lọ, afẹ́fẹ́ sì ń rí àyè kọjá láìsí wàhálà.

Báwo wá ni ohun tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń mú eruku? Ó fa bírò rẹ̀ yọ, ó fi ra irun orí rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ bébà wẹ́wẹ́, bébà náà sì fò mọ́ ọn. Ó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sínú òwú asẹ́ náà. Eruku tó kéré débi pé ó yẹ kó gba àárín òwú kọjá, òwú á fà á mọ́ra. Ó wá kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi omi kàn án, pàápàá omi ọṣẹ, nítorí pé yóò pa agbára náà. Ó ní kí ó má yà wá lẹ́nu bó bá di dúdú, pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe yẹn. Kí a kàn pe òun, òun yóò wá pààrọ̀ rẹ̀.

Mo gbọ́ o. N kò lè sọ fún yín pé n kò gbọ́. Wọ́n tún lẹ ìwé mọ́ ara àpótí tí asẹ́ náà wà pé a kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́, mo sì gbé awò ojú mi sójú, mo kà á. Ṣùgbọ́n mo wí nínú ọkàn mi pé àwọn tí kò mọ aṣọ fọ̀ ni wọ́n kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún. Ọmọ ọdún mélòó ni Bùkọ́lá tí yóò máa kọ́ èmi ní ìmọ́tótó?

Ohun gbogbo ń lọ déédéé fún oṣù bíi mẹ́ta. Fáànù ń yí jẹ́jẹ́, ẹ kò tilẹ̀ ní gbọ́ ọ. Bátìrì ń gbé ìsìn dé òpin, ó sì ń gbé ìpàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. Àwọn ìkókó ń sùn fọnfọn. Ìyá kan wà láàárín wọn tí àyà ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré máa ń há bí eruku bá ti pọ̀. Tẹ́lẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò ní ìta ni obìnrin náà ti ń gbọ́ ìwàásù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó nínú yàrá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọyẹ́ dé, ìròyìn sì kàn wá pé Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá bẹ ìjọ wò. Mo bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò mi. Mo ṣí àpótí asẹ́ yẹn. Háà! Ó ti dúdú bí aṣọ ìdáná! Ṣé Bíṣọ́ọ̀bù ni yóò rí irú èyí nínú ilé Ọlọ́run, tí wọn yóò sì sọ pé èmi wà níbẹ̀?

Ìyá Bísí, obìnrin tó ń gbá ilé ìsìn, dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Màmá, ṣebí uṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn o. Ó ní kí a pe òun."

Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni. Mo ní, "Iṣẹ́, Ìyá Bísí. Iṣẹ́ ni à ń pè é."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà." Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó lọ. Bí mo ti máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

Ilé bàbá mi ní Oǹdó ni mo ti ń fọ aṣọ pẹpẹ, nítorí pé omi òjò inú táǹkì ibẹ̀ kì í sọ aṣọ funfun di pípọ́n bí omi kànga wa ní Àkúrẹ́. Mo kó aṣọ pẹpẹ sínú àpótí rẹ̀ pẹ̀lú káńfọ̀ tí a máa ń há sáàárín wọn kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n, mo fi asẹ́ náà lé e lórí. Bàbá Ìjọ fúnra wọn ni wọ́n bá mi gbé àpótí náà sínú ọkọ̀. Ó di Oǹdó.

Fọlákẹ́, ìyàwó àbúrò mi, ló ń gbé ilé náà. Alápárá ni. Ó rí mi tí mo ń rẹ asẹ́ sínú bàsíà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tún gbé dé?" Mo ní asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ni. Ó pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ẹ ti fọ gbogbo aṣọ tán láyé, ó wá ku afẹ́fẹ́!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ní kó lọ wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná.

Mo fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ aṣọ ìgbéyàwó. Ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́yìn náà mo fi omi mímọ́ ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo fi ìka tò ó ní pílíìtì kọ̀ọ̀kan, mo fi pẹ́ẹ̀gì há a kí pílíìtì má baà tú, mo sì sá a sí òòrùn. Nígbà tó gbẹ, ó funfun ju ọjọ́ tí Bùkọ́lá gbé e dé lọ! Mo gbé e padà sí Àkúrẹ́ nínú àpótí kan náà, mo sì fi sí àyè rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo tan fáànù. Ó ń yí jẹ́jẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Iná sólà kò sọ̀ kalẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìwé tí wọ́n lẹ mọ́ àpótí dà?

Ẹ ò rí i pé ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú lè rí. Agbára inú òwú ti bá omi ọṣẹ lọ. Ohun tó ṣẹ́kù kò yàtọ̀ sí aṣọ lásán, eruku ọyẹ́ sì ń gbà á kọjá bí ẹni ń gba ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn ìyá ọlọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù dé, lẹ́búlẹ́bú ti bo gbogbo àga. Bí Bíṣọ́ọ̀bù ti ń wàásù lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó ń súfèé. Ìyá rẹ̀ gbé e sáré jáde, wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ tààrà. Ọlọ́run ṣàánú, ó padà bọ̀ sípò kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ṣùgbọ́n ìró èémí ọmọ yẹn ṣì wà létí mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Mo fi aṣọ ìnujú mi funfun nu àga kan. Ó di pípọ́n. Ṣé ọkàn mi kò sọ fún mi lójú ẹsẹ̀? Ó sọ fún mi. Mo pa á lẹ́nu mọ́, bí mo ti pa Ìyá Bísí lẹ́nu mọ́.

Dípò kí n ronú sí ara mi, kí ni mo ṣe? Mo di aṣọ ìnujú náà sínú bébà, mo gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bùkọ́lá. Mo tẹ́ aṣọ ìnujú náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀, mo sì lo gbogbo Yorùbá àti gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀. Mo ní ayédèrú ló tà fún ilé Ọlọ́run. Mo ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ju kí wọ́n fi bírò ṣe idán fún àgbàlagbà. Àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà kò bá mi jiyàn. Ó tọrọ àyè, ó tú asẹ́ náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó sì gbé e sún mọ́ imú. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹnikẹ́ni fi omi kàn án?"

Bàbá Ìjọ wo òkè àjà. Wọ́n wá kọjú sí Ìyá Bísí tó gbé omi wá fún wa, wọ́n ní, "Ìyá Bísí, ṣé ìwọ lo fọ̀ ọ́?"

"Ọwọ́ mi ò kàn án, sà. Ẹ gbé Bíbélì wá, n óò búra." Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá.

Èmi náà wá la ẹnu. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a lo ọpọlọ wa. Ta ni yóò fọ ohun tí wọ́n kọ ìwé sí lára pé a kò gbọdọ̀ fọ̀?"

Ẹ kíyè sí i: n kò purọ́. Ìbéèrè ni mo bi wọ́n! Ọgbọ́n tíṣà nìyẹn. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ènìyàn mi, irọ́ wo ló tún burú ju irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ?

Bùkọ́lá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ó fi asẹ́ náà sínú ọ̀rá, ó ní òun yóò gbé òmíràn wá lọ́la. Ó sì yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Èmi ni ó bẹ̀!

N kò tíì parí. Ìjọ kan tó bá tiwa tan ní Oǹdó ń kọ́ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi oníyàrá mẹ́rin sí tòsí sọ́míìlì, níbi tí eruku pákó kì í ti í dáwọ́ dúró. Wọ́n ti bá Bùkọ́lá sọ ọ́ pé òun ni yóò ṣe ètò afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ẹni tí a jọ wà ní kíláàsì kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni alága ìgbìmọ̀ wọn. Mo gbé fóònù, mo sì kìlọ̀ fún un. Kò sí ẹni tó rán mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo tún kó aṣọ pẹpẹ lọ sí Oǹdó. Fọlákẹ́ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ó ń ròyìn ìlú fún mi bí ìṣe rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti gba iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi lọ́wọ́ ẹnjiníà obìnrin yẹn o. Alága ní bí Màmá Tíṣà bá ti pe nǹkan ní ayédèrú, ayédèrú náà ni. Wọ́n ní fóòmù ni àwọn yóò fi dí i."

Fóòmù! Mo gbọ́ ìkérora fáànù yẹn létí mi.

Fọlákẹ́ dáwọ́ ẹ̀wà dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnjiníà tó ni asẹ́ tí ẹ fọ̀ níbí kọ́ ni wọ́n ń sọ yẹn?"

Mo ń kó aṣọ pẹpẹ sínú bàsíà. Ó wò mí díẹ̀, ó sì padà sí ẹ̀wà rẹ̀. Alápárá yẹn kò dá àpárá kankan. Ìyẹn ni n kò lè fara dà. Aṣọ pẹpẹ wà nínú bàsíà, n kò fọ̀ ọ́. Mo wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo sì gba yunifásítì lọ.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá iṣẹ́ Bùkọ́lá wà. Ọkùnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ jókòó sí tábìlì kejì. Kò mọ̀ mí rí. Bó ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà ló pariwo, "Bùkọ́lá alásẹ́ ayédèrú, oníbàárà yín dé o! Ẹ má ta gbàrọgùdù fún màmá àgbà!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré lásán ni. Bùkọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi ní àga tirẹ̀, ó sì bẹ ọkùnrin náà pé kó fún wa láyè díẹ̀.

Mo ní, "Bùkọ́lá, èmi ni mo fọ̀ ọ́."

"Mo mọ̀, Màmá."

"O mọ̀? Ta ló sọ fún ọ?"

"Káńfọ̀ ni, Mà. Mo gbọ́ òórùn káńfọ̀ àti ọṣẹ lára asẹ́ náà. Nínú ìjọ yẹn, aṣọ pẹpẹ nìkan ló ní irú òórùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ sì ń fọ̀ ọ́."

"Kí ló dé tí o kò wí?"

Ó wolẹ̀. "Níwájú gbogbo wọn? Màmá, ìyá mi ní Ìgbàrà-Òkè á bi mí bóyá inú igbó ni òun ti tọ́ mi."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tó kàn, nítorí pé òun ló dùn mí jù. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó mọ̀, tí kò sì sọ, ọkàn mi fúyẹ́. Mo bi í bóyá a kò lè parí ọ̀rọ̀ náà láàárín àwa méjèèjì.

Ó ní, "Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ni, Mà."

Àwòrán yàrá mẹ́rin kan wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó ti fi rúlà fa ibi tí ihò afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò wà, ó sì ti kọ "Oǹdó" sí etí rẹ̀ lókè. Ó rí i pé ojú mi ti lọ síbẹ̀. Ó rọra fi ìwé mìíràn bò ó, kí n má baà rí i.

Mo dìde, mo dágbére, mo dé ìdajì àtẹ̀gùn. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ̀ ń gòkè. Wọ́n ń bi mí pé, "Màmá, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Ọmọ tí mo bà lórúkọ jẹ́ ṣì ń bo àṣírí mi mọ́lẹ̀!

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìkéde, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àlùfáà, mo sì dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀: asẹ́ náà, Oǹdó, ọṣẹ, ìbéèrè alárékérekè tí mo béèrè, fóònù tí mo ṣe. Mo yíjú sí ìyá ọmọbìnrin kékeré yẹn lẹ́yìn gíláàsì, mo sì bẹ̀ ẹ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Mo ti múra sílẹ̀ fún kíkùn.

Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìyá Bísí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, láti ẹ̀yìn: "Màmá, ẹ jókòó. A ti mọ̀."

"Ẹ̀yin ta ni?"

Bàbá Ìjọ wúkọ́. "Màmá, èmi ni mo gbé àpótí yẹn sínú ọkọ̀. Etí asẹ́ náà yọ síta."

Mo wò wọ́n. "Ẹ mọ̀, ẹ sì jókòó, ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ náà ní ayédèrú?"

"Àgbà ni yín, Mà. Ta ni yóò ko yín lójú?"

Ìgbà yẹn ni ìtìjú mi tó di ìtìjú. Mo ti rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi wà ní ìkọ̀kọ̀, mo sì wà ní ìhòòhò láàárín àwọn ènìyàn tó ń fi ọ̀wọ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀wọ̀ ha ni, àbí ẹ̀rù? Èyí ó wù kó jẹ́, Bùkọ́lá ni wọ́n di ẹrù rẹ̀ rù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Ìjọ lójú gbogbo ìjọ, wọ́n sì dorí kodò.

N kò fi fóònù ṣe ti Oǹdó. Mo lọ fúnra mi ní ọjọ́ kejì. Alága ìgbìmọ̀ wọn rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Ìwọ! Ìwọ tí o jẹ́ mọ́nítọ̀ ìmọ́tótó wa!" Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tó. Nígbà tó ṣe tán, mo ní kó pe Bùkọ́lá lójú mi, kó dá iṣẹ́ náà padà fún un, kó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ pẹ̀lú orúkọ mi nínú rẹ̀. Ó ṣe é. Bùkọ́lá gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa pe òun bí asẹ́ bá dọ̀tí, kí ó má sì jẹ́ Màmá Tíṣà. Kò fi ṣe àwàdà. Ohun tó tọ́ ló ṣe.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé-ìwé náà. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gbé mi sí àga iwájú. Sọ́míìlì ń ké kíkankíkan, eruku pákó ń fò ní ìta, ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, ẹ lè fi aṣọ funfun nu tábìlì. Fáànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí láìdún. Mo sún mọ́ ọ̀kan nínú àwọn àpótí asẹ́ kí n lè rí i dáadáa.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn sáré wá bá mi. N kò mọ̀ ọ́n, òun náà kò sì mọ̀ mí. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Wọ́n ní ìyá àgbà kan wà ní Àkúrẹ́ tó fi ọṣẹ fọ ọ̀kan. Ọmọ ọlọ́mọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mí mọ́!"

Ǹ bá ti sọ pé, "Ẹ̀n-ẹ́n? Irú ìyá wo nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Èmi ni ìyá náà."

Ẹnu yà á. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, mo dì í mú. Mo ní kó dìde, kò ṣẹ̀ mí. Mo ní ohun tó ṣe fún mi yẹn, ká ní ẹnì kan ti ṣe é fún mi lọ́jọ́ tí mo gbé asẹ́ yẹn dé etí bàsíà, n kì bá tí rí ojú tí mo rí.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ pẹ́. Bí ọ̀dọ́ bá dákẹ́ níwájú wa, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a jàre. Ẹ bi í ní ohun tó ń rò, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ, bó bá tilẹ̀ wọ ṣòkòtò. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bọ̀wọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnìkejì yín san gbèsè ọ̀wọ̀ náà. Àti pé, ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ara nǹkan pé kí ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́!

Ó wá kù sí ọwọ́ yín. Ǹjẹ́ ẹ̀yin náà ti jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ru ẹ̀bi yín rí? Tàbí ẹ ti dákẹ́ rí nígbà tí àgbà kan ń ṣìṣe lójú yín? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí kí a jọ kà á. N kò ní fi bírò pupa sí i.